Ẹ wọn ẹrù ọwọ́ yín nílé kí wọ́n tó bá yín wọ̀n ọ́n ní pápákọ̀ òfurufú

Ẹni tó ń ta báàgì ní Balógun á gbé tirọ́lì kan sílẹ̀ níwájú yín, á fọwọ́ gbá a lórí, á ní: "Mọ̀mí, hand luggage nìyí. Ibi tó bá wù yín lẹ lè gbé e lọ." Kò purọ́, àmọ́ kò sọ òótọ́ tán. Báàgì yẹn lè wọ bàálù British Airways láìsí ẹni tó máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì, kí àwọn Qatar Airways sì ní ó ti ga jù. Kò sí ìwọ̀n kan ṣoṣo tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú jọ ń lò. "Cabin size" tí wọ́n kọ sára báàgì lọ́jà, ọ̀rọ̀ ẹni tó rán báàgì ni. Ẹni tó ni bàálù ló láṣẹ.

Nílé ni kí ẹ ti yanjú ẹ̀. Téèpù, òṣùwọ̀n àti páálí kan ti tó. Ẹ ṣe é nígbà tí ìrìn àjò bá ku ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kì í ṣe ní alẹ́ tí ilẹ̀ máa mọ́ kí ẹ gbéra, torí bí báàgì bá kọ̀, ẹ máa nílò àyè láti yá òmíràn lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n tàbí aládùúgbò.

Ta ló ń gbé yín gan-an?

Ẹ ṣí tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ímeèlì yín. Ẹ má wo orúkọ ńlá tó wà lókè nìkan. Lábẹ́ ìrìn kọ̀ọ̀kan, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Operated by" sí. Orúkọ tó tẹ̀ lé e ni ti ẹni tí ẹ máa wọ bàálù rẹ̀, òfin ẹni yẹn ni wọ́n sì máa fi wo ẹrù ọwọ́ yín. Delta, Air France àti KLM máa ń ta àyè nínú bàálù ara wọn. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ Delta láti Èkó lọ sí Atlanta, tí ọ̀nà rẹ̀ gba Paris, lè rí i pé bàálù Air France ló máa gbé òun dé Paris. Delta kì í fi kílò dí ẹrù ọwọ́ lọ́wọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi tó ń ná. Air France ní tirẹ̀ sọ pé kílò 12 ni gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ èrò ẹ̀kọ́nọ́mì. Ẹni tó ka òfin Delta nìkan, ìwé tí kì í ṣe tirẹ̀ ló kà.

Bí ilé-iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta bá máa gbé yín, èyí tí òfin rẹ̀ le jù ni kí ẹ fi di ẹrù láti ilé. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló máa ń kó àwọn èèyàn sí wàhálà jù. Wọ́n á bá British Airways dé Heathrow pẹ̀lú tirọ́lì ńlá, wọ́n á wá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Stansted, pápákọ̀ míì ní Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n lè bá Ryanair lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn ní Dublin. Lọ́dọ̀ Ryanair, báàgì kékeré tó lè wọ abẹ́ ìjókòó nìkan ni ọ̀fẹ́: 40 × 30 × 20 sẹ̀ǹtímítà. Tirọ́lì, ẹ máa sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀, kò sì gbọdọ̀ ju 55 × 40 × 20 lọ, kò gbọdọ̀ wúwo ju kílò 10. Owó tí wọ́n ń gbà lẹ́nu géètì sì ju èyí tí wọ́n ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ dáadáa, torí náà, bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa gbé e, ẹ san án nílé.

Àwọn ìwọ̀n tí àwa ará ilé máa ń bá pàdé

Ti ẹ̀kọ́nọ́mì ni mo kọ síbí. Sẹ̀ǹtímítà ni gbogbo rẹ̀: bó ṣe ga tó, bó ṣe fẹ̀ tó, bó ṣe nípọn tó.

British Airways: 56 × 45 × 25, kílò 23. Báàgì kékeré kan tún tẹ̀ lé e, 40 × 30 × 15.
Virgin Atlantic: 56 × 36 × 23, kílò 10.
Air France àti KLM: 55 × 35 × 25, pẹ̀lú báàgì kékeré 40 × 30 × 15. Méjèèjì pa pọ̀, kílò 12.
Lufthansa: 55 × 40 × 23, kílò 8.
Turkish Airlines: 55 × 40 × 23, kílò 8.
Ethiopian Airlines: 55 × 40 × 23, kílò 7.
Emirates: 55 × 38 × 22, kílò 7.
Qatar Airways: 50 × 37 × 25, kílò 7.
Delta: 56 × 35 × 23, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ ní ínṣì 22 × 14 × 9.

Ẹ má gé èyí mọ́ fóònù yín kí ẹ sì gbà pé ó ti parí. Ilé-iṣẹ́ lè yí ìwọ̀n rẹ̀ padà nígbàkígbà. Ní 2025 ni Ryanair ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún kún báàgì ọ̀fẹ́ rẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì yín wọ ojú òpó ilé-iṣẹ́ náà, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ fún tíkẹ́ẹ̀tì tiyín gan-an, kí ẹ sì ya àwòrán rẹ̀ sórí fóònù. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ń bá yín ṣàròyé ní káńtà, àwòrán yẹn ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ ju ohùn líle lọ.

Kílò 23 ti British Airways máa ń tan àwọn èèyàn jẹ. Òótọ́ ni pé wọ́n gbà á, àmọ́ wọ́n tún ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gbé e sókè sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lórí ìjókòó, láìbẹ ẹnikẹ́ni. Kí ìyá àgbà ẹni àádọ́rin ọdún tó gbé kílò 23 kọjá orí, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Bí ìyá yín lẹ ń di ẹrù fún, ẹ má jẹ́ kó ju kílò 8 lọ, ohun yòówù kí ilé-iṣẹ́ náà gbà láyè.

Àwọn kan tún máa ń kọ ìwọ̀n wọn bí àròpọ̀: 115 sẹ̀ǹtímítà, tàbí ínṣì 45. Ẹ ṣọ́ra fún un. Ẹ ro ti Emirates pọ̀: 55, 38 àti 22, ó jẹ́ 115. Ẹ ro ti KLM: 55, 35 àti 25, 115 náà ni. Síbẹ̀, báàgì tó bá ti Emirates mu rẹ́gí ti fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta fẹ̀ ju ti KLM lọ, èyí tó sì bá ti KLM mu rẹ́gí ti nípọn ju ti Emirates lọ. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan wé ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ẹ fi àròpọ̀ sílẹ̀.

Ẹni tó ṣì fẹ́ ra báàgì, ìmọ̀ràn tèmi ni kó wá èyí tó jẹ́ 55 × 35 × 20, táyà mọ́ ọn. Ó wọlé síbi gbogbo tí mo kà sókè yìí, títí kan tirọ́lì tí Ryanair ń gbowó lé, àfi Qatar tó ní 50 ni gíga mọ. Ẹni tó bá ń wọ Qatar déédéé, kó ra 50 × 35 × 20, kó fọkàn balẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ di ẹrù, kí ẹ tó nawọ́ sí téèpù

Báàgì òfìfo kò ṣeé wọ̀n. Báàgì aláṣọ, ìyẹn èyí tí kì í ṣe oníke líle, máa ń yọ ikùn tí ẹrù bá ti kún inú rẹ̀, àpò iwájú ni ó sì máa ń kọ́kọ́ wú. Torí náà, ẹ di gbogbo ohun tó ń lọ, títí kan ṣájà àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, ẹ fa síìpù pa. Bí báàgì náà bá ní síìpù kejì tó ń yí i ká, èyí tí wọ́n fi ń mú inú rẹ̀ gbòòrò, ẹ pa ìyẹn náà dé. Síìpù yẹn ló ń sọ báàgì tó dára di èyí tí wọ́n ń dá padà.

Téèpù télọ̀ ti tó, àmọ́ ẹ wo ojú tí ẹ ń kà. Ojú kan jẹ́ ínṣì, ìkejì sẹ̀ǹtímítà. Bó bá jẹ́ ínṣì nìkan ni tiyín ní, ẹ fi 2.54 sọ ọ́ di púpọ̀. Téèpù aṣọ tó ti pẹ́ lọ́wọ́ télọ̀ máa ń nà, torí náà ẹ dán an wò lára bébà A4 tí wọ́n fi ń tẹ̀wé. Ẹ̀gbẹ́ gígùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 29.7 sẹ̀ǹtímítà, ẹ̀gbẹ́ kúkúrú 21. Bí téèpù yín bá ka 29 péré, ó ti nà, ẹ wá òmíràn.

Gíga. Ẹ gbé báàgì dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ògiri, táyà nílẹ̀. Ẹ ti ọwọ́ gígùn tí wọ́n fi ń fà á wọlé pátápátá. Ọwọ́ kúkúrú tó wà lókè, tí wọ́n fi ń gbé e, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ wá ìwé kan tó ní ẹ̀yìn líle, ẹ tẹ́ ẹ lé orí ibi tó ga jù lára báàgì, kí etí rẹ̀ kan ògiri, kí ẹ sì fi pẹ́ńsùlù fa ìlà tín-ín-rín lábẹ́ ìwé náà. Ẹ gbé báàgì kúrò, ẹ wọ̀n láti ilẹ̀ dé ìlà. Ohun tí ẹ bá rí ni gíga báàgì yín lójú òṣìṣẹ́ pápákọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń rán báàgì kì í ka táyà mọ́ ọn, táyà nìkan sì lè fi bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí márùn-ún kún gíga báàgì. Ibẹ̀ ni tirọ́lì tí wọ́n kọ 55 sí lọ́jà ti ń di 59 nílé.

Fífẹ̀ rọrùn. Ẹ wọ̀n láti ìhà kan dé ìkejì, ẹ ka ọwọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ ọn, ẹ ka kọ́kọ́rọ́ náà bó bá yọ síta.

Bó ṣe nípọn tó ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Ẹ má fi téèpù wọ́ ikùn báàgì kọjá bí ẹni ń wọn àyà bùbá, torí téèpù á tẹ̀ lé ibi tó ṣẹ́ kọ́lọkọ̀lọ, ohun tí ẹ bá kà kò sì ní jẹ́ òótọ́. Ẹ tì í mọ́ ògiri, ẹ gbé páálí líle kan tàbí pákó pẹlẹbẹ dúró níwájú rẹ̀ kó kan ibi tó yọ jù, kí ẹ wá wọn àlàfo ilẹ̀ tó wà láàárín ògiri àti páálí. Bó bá fi sẹ̀ǹtímítà kan ju òfin lọ nínú báàgì aláṣọ, ẹ yọ ohun tó wà nínú àpò iwájú, ẹ tún wọ̀n. Nínú báàgì oníke, kò sí ohun tí ẹ lè yọ tó máa mú un tín-ín-rín. Bó ṣe rí ló rí.

Fèrèsé páálí

Ní pápákọ̀, férémù irin kan wà tí wọ́n ń ní kí èèyàn ti báàgì rẹ̀ bọ̀. Ẹ lè ṣe irú ẹ̀ nílé. Ẹ tú páálí Indomie tàbí páálí bébà A4 kan sílẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ ya ìgun mẹ́rin sórí rẹ̀, kó fẹ̀ bí fífẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ yín gbà, kó sì nípọn bí ìnípọn tí wọ́n gbà. Fún Emirates, ìyẹn 38 sí 22. Ẹ fi ọ̀bẹ gé inú rẹ̀ jáde kó di fèrèsé. Kí ẹnì kan di páálí mú, kí ẹnì kejì ti báàgì gba inú rẹ̀, táyà ni kó kọ́kọ́ wọlé, kó jáde lódì kejì. Bó bá kọjá láìfa páálí ya, ó ti yege nínú méjì. Gíga tí ẹ fi pẹ́ńsùlù wọ̀n ló kù.

Ẹ má tì í bí ẹni ń ti ẹnu ọ̀nà. Báàgì tó ń wọ férémù nítorí pé ẹ fi orúnkún gbá a, kò ní jáde kíákíá, gbogbo ìlà tó wà lẹ́yìn yín ló sì máa máa wò yín. Bí ẹ bá fẹ́ fi fóònù ṣe é, áàpù KAYAK ní ibi tí ẹ ti lè fi kámẹ́rà wọn báàgì. Ó dára fún ìfojúwọ̀n, àmọ́ bí báàgì bá fara pẹ́ òfin, páálí ni mo fọkàn tán.

Kílò

Òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń gbé báàgì kọ́, tó ní ìkọ́ tàbí okùn lábẹ́ àti ojú tó ń kọ nọ́ńbà, ni ẹ bá rí ẹ rà. Kò wọ́n, àpò ẹ̀wù ló ń gbé, ẹ sì lè mú un dání nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ láti ìlú òyìnbó, torí ìgbà àbọ̀ gan-an lẹrù máa ń pọ̀.

Bí ẹ ṣe ń lò ó nìyí. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ dúró kó kọ 0.00 kí ẹ tó fi kọ́ ọwọ́ báàgì. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà bóyá "kg" ló wà níbẹ̀ tàbí "lb". Pọ́n-ùn ni "lb" yẹn, kílò kan sì jẹ́ pọ́n-ùn 2.2, torí náà ẹni tó rí 15 kó má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹrù. Kò tíì pé kílò 7. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè, kí báàgì dá dúró, kó má fi ara kan ẹsẹ̀ yín, kó má máa mì. Nọ́ńbà á dúró lójú kan, àwọn òṣùwọ̀n míì á dún pí. Ẹ gbé e lẹ́ẹ̀mẹta. Bí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá jọra, bátìrì ti rẹ̀ tàbí ọwọ́ yín ń gbọ̀n.

Ẹ tún dán òṣùwọ̀n náà wò kí ẹ tó gbà á gbọ́. Àpò ìrẹsì oníkílò 5 tí wọn kò tíì ṣí dára fún un. Bó bá kọ 5 tàbí kó fi díẹ̀ lé, ó péye. Àwọn kan máa ń lo àpò pure water, torí ọ̀rá 20 tó jẹ́ 50cl ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹ kó jẹ́ kílò 10, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rá ló ń kún.

Ẹni tí kò ní ti ìkọ́, tó ní òṣùwọ̀n tí wọ́n ń gun láti mọ ìwúwo ara, kó má gbé báàgì nìkan lé e. Báàgì máa bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, òṣùwọ̀n míì sì wà tí kì í ka ohun tó bá fúyẹ́ dáadáa. Kó gun orí rẹ̀ lófìfo, kó kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Kó gbé báàgì mọ́ra, kó tún gùn ún. Kó yọ àkọ́kọ́ kúrò nínú ìkejì. Bí ara rẹ̀ bá jẹ́ kílò 71.4, tí òun àti báàgì sì jẹ́ 79.2, báàgì jẹ́ 7.8. Lọ́dọ̀ Turkish ó yege, lọ́dọ̀ Emirates kò yege.

Kóńgò kì í ṣe kílò o. Mo ń gbọ́ kí àwọn èèyàn máa sọ pé "kóńgò méjì péré ni mo kó sínú ẹ̀" bí ẹni pé ìyẹn ń sọ ìwúwo. Kóńgò ẹ̀wà àti kóńgò gàrí kò wúwo bákan náà, kóńgò olóókítí àti èyí tí wọ́n fọwọ́ gbá lórí kò sì dọ́gba.

Ẹ fi nǹkan bí ìdajì kílò sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Òṣùwọ̀n káńtà àti tiyín lè má bára mu, ẹ sì lè ra omi tàbí ìwé kan lọ́nà.

Ibi tí kílò 7 ń gbà lọ

Ẹ wọn báàgì náà lófìfo pẹ̀lú, kí ojú yín lè là. Ká ní oníke ni, tó jẹ́ kílò 2.8. Kọ̀ǹpútà alágbèéká àti ṣájà rẹ̀, kílò 2.2. Ẹ ti dé 5 láìtíì fi pátá kan síbẹ̀. Kílò méjì ló kù fún aṣọ ìpààrọ̀, bàtà, oògùn àti ìwé. Aṣọ òkè kan pẹ̀lú gèlè àti ìborùn rẹ̀ lè jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú méjì yẹn. Fún àwọn onílé-iṣẹ́ kílò 7, àpò ẹ̀yìn aláṣọ tí kò ní táyà ló dára jù lójú tèmi. Ó lè má pé kílò kan lófìfo, ìyẹn sì fi bíi kílò méjì lé ẹrù yín. Táyà dùn ún fà lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yin lẹ ń fi ẹrù yín sanwó rẹ̀.

Bó bá ti kọjá òfin, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ. Ohun kékeré tó wúwo ni kí ẹ kọ́kọ́ wá: ṣájà, bàtà aláwọ, Bíbélì tàbí Kùránì ńlá, ìgò ìpara. Bàtà tó wúwo jù, ẹ wọ̀ ọ́ sẹ́sẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ yín bá gba báàgì kékeré kejì, tí kì í sì í ṣe irú KLM tó ń ro méjèèjì pọ̀, ẹ kó àwọn wọ̀nyí síbẹ̀. Àwọn tó ń wọ kóòtù mẹ́ta lé ara, tí wọ́n ki aago, ṣájà àti ẹja gbígbẹ sápò, mo rí wọn ní Ìkẹjà lójoojúmọ́ ayé; ó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà míì. Ẹnu ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ara wò ni wọ́n ti máa ń bọ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú òógùn lójú.

Àwọn ohun tí kò ní jẹ́ kí ìṣirò yín dúró

Ẹ lè wọn báàgì pé, kí ẹ̀ṣọ́ wá tú u. Ohun olómi, ohun tó ń fà, ohun tó ń yọ̀, kò gbọdọ̀ wà nínú ohun tó ju mílílítà 100 lọ ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ wọ inú ọ̀rá kan tó mọ́ gaara, tí kò ju lítà kan. Àwọn pápákọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ báyìí, torí ẹ̀rọ tuntun wọn, àmọ́ ẹ̀ṣọ́ ibi tí ẹ ti ń gbéra lẹ máa bá ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí kan òrí, ó kan ọṣẹ dúdú tó rọ̀, ó kan oyin, epo pupa àti àgbo. Ó kan ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí ẹ mú dì bí òkúta láàárọ̀, torí kò ní jẹ́ òkúta mọ́ nígbà tí ẹ bá dé iwájú wọn. Gbogbo ìwọ̀nyí, inú ẹrù tó ń lọ sí ikùn bàálù ni kí ẹ fi sí, kí ẹ sì rántí pé ìwúwo wọn ti ṣí lọ síbẹ̀.

Ẹni tó ń lọ sí Amẹ́ríkà, kó tún wo ti ìyẹ̀fun. Láti 2018 ni wọ́n ti ń ṣọ́ ohunkóhun tó bá rí bí ìyẹ̀fun tó sì ju mílílítà 350 lọ nínú ẹrù ọwọ́ lórí bàálù tó ń bọ̀ sí ọ̀dọ̀ wọn láti òkè òkun. Ẹlùbọ́, ata gígún àti Milo alágolo wà nínú ẹ̀. Ìwọ̀n díẹ̀ tó fi díẹ̀ ju agolo Coke kan lọ ni 350 yẹn.

Páwà báǹkì ní òdì kejì: inú ẹrù ọwọ́ nìkan ló gbọ́dọ̀ wà, kò gbọdọ̀ lọ sí ikùn bàálù láé, torí bátìrì lithium lè gbiná níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i. Òfin rẹ̀, Wh (watt-hour, ìyẹn bí iná tó lè gbà sínú ṣe pọ̀ tó) ni wọ́n fi ń kà á. Tó bá jẹ́ mAh nìkan ni wọ́n kọ sára tiyín, ẹ fi 3.7 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ pín in sí 1,000. 20,000 mAh á fún yín ní 74 Wh, ó wà lábẹ́ 100 tí wọ́n gbà láìbéèrè. 30,000 jẹ́ 111, ẹ sì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kí ẹ tó gbé e. Èyí tó ju 160 lọ, ẹ fi sílé. Èyí tí nọ́ńbà ara rẹ̀ ti parẹ́, ẹ fi sílé pẹ̀lú. Ẹ̀ṣọ́ kò ní bá yín ṣírò. Láti oṣù kẹwàá 2025, Emirates ní ọ̀kan ṣoṣo ni èrò kọ̀ọ̀kan lè mú, kò sì gbọdọ̀ lò ó nínú bàálù.

Lọ́jọ́ náà

Àwọn tó ń lọ Dubai, Doha àti Addis Ababa, ẹ má retí pé wọ́n kàn máa wo tirọ́lì yín lójú. Káńtà ni wọ́n ti máa ń ní kí ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n, kí wọ́n so páálí kékeré mọ́ ọn pé ó ti yege. Ẹ jẹ́ kí páálí yẹn wà níbẹ̀ títí ẹ ó fi jókòó. Wọ́n lè tún wò ó lẹ́nu géètì. Ẹrù tí ẹ bá rà lẹ́yìn káńtà, àwọn kan ń kà á, àwọn kan kì í kà á.

Ẹni tó ń wọ bàálù kékeré láàárín ilé, bí Embraer 145 tí wọ́n fi ń ná Abuja àti àwọn ìlú míì, kó mọ̀ pé kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ kéré ju ti bàálù ńlá lọ. Tirọ́lì tó wọ férémù lè má wọ kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn bàálù ni wọ́n ti máa gbà á, láìsan nǹkan kan.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi tirọ́lì sílẹ̀ lẹ́nu géètì, yálà torí pé kọ́bọ́ọ̀dù kún tàbí torí pé ó tóbi, ẹ má fi ìbínú jù ú fún wọn. Ẹ yọ páwà báǹkì kúrò ná, ẹ yọ pásípọ́ọ̀tù, oògùn, góòlù àti kọ̀ǹpútà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí èèyàn ká àpò aláṣọ pẹlẹbẹ kan sí ìsàlẹ̀ báàgì, èyí tó lè tètè kó àwọn nǹkan wọ̀nyí sí. Ẹ gba ìdajì páálí tí wọ́n so mọ́ ẹrù, ẹ rí i pé orúkọ ìlú tó wà lára rẹ̀ ni ti ibi tí ẹ ń lọ, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá ẹnu ọ̀nà bàálù lẹ ti máa gbà á tàbí níbi tí gbogbo ẹrù ti ń yí lórí bẹ́líìtì.